Ohun Tí Wọ́n Yọ Níkùn Kọ̀ǹpútà Rẹ

Abúlé Ọlọ́sàn,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.

Roqeebah ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Mo kí ọ, mo kí oyún inú rẹ, mo kí àna mi Nùrẹ́nì tó mọ okùn í dì. Ṣé iṣẹ́ ẹrù tó ń ṣe ní èbúté Onne kì í dùn ún lẹ́yìn jù? Mo kí onílé yín ní Eneka, ní Port Harcourt níbẹ̀, mo sì kí omi tó máa ń wọ ilé yín lásìkò òjò, ẹ bá mi sọ fún un pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó gba ọ̀nà ibòmíràn lọ́dún yìí, nítorí àlejò ń bọ̀ nínú ilé náà. Ọlọ́run Ọba tó jẹ́ kí o lóyún lẹ́yìn ìdúró pípẹ́ yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. O ò ní rí ìjà ọmọ, ọmọ ò ní rí ìjà rẹ, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àmín.

Níbí yìí, àlàáfíà ni gbogbo wa wà, a dúpẹ́. Òjò tètè bẹ̀rẹ̀, àgbàdo ti ń yọ irun, ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan jọ ìyá rẹ̀, èkejì kò jọ ẹnikẹ́ni tí a mọ̀ ládùúgbò. Òrùlé ilé ìdáná tí ẹ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ kò jò mọ́, àfi ọ̀kánkán ibi tí mo máa ń jókòó sí, mo sì ti sún àpótí mi kúrò níbẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ti parí. Orúnkún mi ṣì máa ń dùn mí tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn wúlò, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo àdúgbò ti ń wá béèrè kí wọ́n tó sá aṣọ.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni pé lórí fóònù o ò jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Ìgbà tí o ń bínú, igbe lo ń ké. Ìgbà tí inú rẹ dùn, ẹkún lo ń sun. Nínú méjèèjì, káàdì tán kí ó tó kàn mí. Lẹ́tà kò ní káàdì tó ń tán. Ṣéhù awakọ̀ tó máa ń bá wa gbé ẹrù láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Port Harcourt ló máa gbé e wá fún ọ, nítorí náà jókòó, gbé ẹsẹ̀ rẹ lé orí àpótí kí ó má bàa wú, kí o gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ lọ́dọ̀ tèmi.

Ìwọ fúnra rẹ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwọ lo pè mí pé kọ̀ǹpútà rẹ, èyí tí bàbá yín rà fún ọ nígbà tí o ń lọ sí Pólì, ti darúgbó, pé tí o bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ní ìsọ̀ tí o ti ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé ní Eliozu, oníbàárà á ti jókòó, á ti dìde, á ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kí ó tó lajú. O ní Ìbínábò, ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ, ní kí o má ṣe ra òmíràn, pé òun máa ṣí ikùn rẹ̀, òun máa yọ irin tó ń kó gbogbo nǹkan pa mọ́ sínú, èyí tí ẹ ń pè ní háàdì, òun á sì fi tuntun tó fẹ́lẹ́ bíi bisikíìtì rọ́pò rẹ̀. O ní ti àtijọ́ máa ń yí nínú lọ́hùn-ún tó bá ń ṣiṣẹ́, pé ti tuntun kì í yí rárá, ìyẹn ló sì fi yára. Mo bi ọ́ pé ṣé èyí tí kì í yí ló máa yára ju èyí tó ń yí lọ, o ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ìyá Àkíbù aládùúgbò wa tó ní ẹ̀rọ ata, òun náà ní látọjọ́ tí òun ti ra ẹ̀rọ, ìgbà tó bá ń yí ló ń lọ ata, ìgbà tó bá dákẹ́, ata náà á dákẹ́. A wá gbà láàárín ara wa pé ti Port Harcourt yàtọ̀.

Ìgbà tó yá, Ṣéhù gbé ẹrù yín dé. Mo rí edé, mo rí ẹja gbígbẹ, ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣaláìní. Mo rí ìṣáwùrú tòun ti ìkarahun rẹ̀, a sè é, a ò mọ ibi tí a ó gbà wọlé bá a, a wá mu omi ọbẹ̀ rẹ̀, ó dùn. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni irin kékeré kan wà, wọ́n wé e sínú láílọ́ọ̀nù lórí láílọ́ọ̀nù, Nùrẹ́nì sì fi okùn dì í bí ẹni pé ọkọ̀ ojú omi ló fẹ́ so mọ́ èbúté. Ṣéhù jíṣẹ́ rẹ. Ó ní ohun tí wọ́n yọ níkùn kọ̀ǹpútà nìyí, pé ara kọ̀ǹpútà ti yá, ó ti ń sáré. Ó ní ẹ ní kí n bá yín tọ́jú rẹ̀ dáadáa níbi tí omi Eneka ò ti ní lè bá a, nítorí ohùn bàbá yín wà nínú rẹ̀.

Roqeebah, ìwọ náà rò ó wò. Nǹkan jáde láti inú ikùn, ara ẹni tó jáde lára rẹ̀ yá, wọ́n wá gbé e wálé fún ìyá pé kí ó tọ́jú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe sí i, kí n gbé e ka orí àga? Mo pe Ìyá Àkíbù, tó ti gbẹ̀bí ní abúlé yìí kí ilé ìwòsàn tó dé. Ó gbé irin náà sọ́wọ́, ó wọ̀n ọ́n, ó fi etí sí i, ó ní olóbi ni, ibi tó máa ń tẹ̀lé ọmọ, kò sí ohun méjì tó lè jẹ́. Ó ní kọ̀ǹpútà bọ́ lọ́wọ́ ewu, kí a dúpẹ́. A sì dúpẹ́.

A ra ìkòkò kékeré tuntun, nítorí kò yẹ kí á lo èyí tí a ti fi se nǹkan. A po omi iyọ̀ láti fi wẹ̀ ẹ́ bí a ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìdì tí ọkọ rẹ dì í kò ṣe é tú. Mo fi èékánná tú u, ó kọ̀. Ìyá Àkíbù fẹ́ fi eyín tú u, eyín tó kù fún un lẹ́nu kò dojú kọ ara wọn. A kò sì fẹ́ kí abẹ kàn án. Ìyá Àkíbù ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń bí ọmọ lọ́nà tirẹ̀. A fi epo pupa pa láílọ́ọ̀nù náà lára yíká, a gbé e sínú ìkòkò, a fi àwo dé e, a sì sin ín sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé, níbi tí mo sin olóbi tìrẹ sí.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé inú mi dùn lásìkò yẹn. Ibojì bàbá yín wà ní ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, ó jìn sí orúnkún mi. Ṣùgbọ́n Ṣéhù ti ní ohùn wọn wà nínú irin yẹn, irin yẹn sì wà lẹ́yìnkùlé mi. Bí mo bá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí nírọ̀lẹ́, abẹ́ igi ọsàn yẹn ni mo ń gbé àpótí lọ. Mo máa ń kí wọn pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mo máa ń ròyìn ewúrẹ́ fún wọn, mo máa ń sọ ẹni tó fẹ́yàwó àti ẹni tí kò yẹ kó fẹ́. Wọn kì í dáhùn, ṣùgbọ́n nígbà ayé wọn náà, tí mo bá ń ròyìn báyìí, wọn kì í dáhùn.

Ibi tí a wà nìyẹn tí o fi pè. O ní Ìbínábò sọ pé gbogbo nǹkan tó wà nínú irin àtijọ́ ni òun ti kó sínú tuntun. Fọ́tò ìgbéyàwó yín dé, iṣẹ́ àwọn oníbàárà dé, ṣùgbọ́n ohùn bàbá yín, orúkọ rẹ̀ nìkan ló dé, tí o bá tẹ̀ ẹ́, kò ní fọhùn. Èmi ì bá ti sọ ìdí rẹ̀ fún ọ ká ní o jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ ò sọ fún wọn kí ẹ tó kó wọn. Ìwọ náà mọ̀ pé bàbá yín kò bá ẹnikẹ́ni kó lọ síbì kan rí láìjẹ́ pé wọ́n jókòó sọ ọ́. O wá bi mí pé háàdì yẹn dà, mo ní ó ń sinmi. O ní níbo, mo ní lábẹ́ igi ọsàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ. Háà, igbe tí o ké! Mo gbọ́ tí Nùrẹ́nì sáré dé tó ń béèrè pé wetin hapun, mo sì gbọ́ tí o sọ fún un pé my mama don bury my papa voice. Mi ò gbọ́ Píjìn, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí wọ́n bá ń fi ẹjọ́ mi sùn. Ó dùn mí. Mo ní tìrẹ ńkọ́, ṣebí èmi náà ni mo sin ín síbẹ̀, ṣé o ò dàgbà ni? Ibẹ̀ ni káàdì ti tán.

Ṣùgbọ́n kí ó tó tán, o ti sọ ohun kan tó mú àyà mi já. O ní bí omi bá ti wọ inú irin yẹn, ohùn bàbá yín ti lọ nìyẹn, kò sí òmíràn lágbàáyé. Ẹ̀rù bà mí, Roqeebah, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo mọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. O wálé fún Iléyá, ìwọ àti ọkọ rẹ ṣì ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ, àìsàn sì ti dá bàbá yín jókòó sórí ẹní. Wọ́n ní kí o gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá síwájú àwọn kí ó gba ohùn àwọn. Wọ́n ṣàdúrà fún ọmọ tí kò tíì sí níbì kankan, wọ́n ki oríkì rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Wọ́n ní bí àwọn ò bá tilẹ̀ sí lórí ẹní lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹnu àwọn á wà níbẹ̀. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ ti sún mọ́lé báyìí, èmi ni mo sì lọ ri ẹnu yẹn mọ́lẹ̀ lásìkò òjò.

Mo gbé ọkọ́. Òjò ń rọ̀, mi ò dúró kí ó dá. Ìyá Àkíbù mú agboòrùn tẹ̀lé mi, orí ihò ló ń na agboòrùn sí, kò nà án sórí èmi tàbí ara rẹ̀, a rin gbindin. Mo rọra ń wa ilẹ̀ náà kí n má bàa fọ́ ìkòkò. Ìgbà tí mo ṣí àwo orí rẹ̀, omi ti wà nísàlẹ̀ ìkòkò náà, láílọ́ọ̀nù jókòó sínú rẹ̀. Ìyá Àkíbù bú sẹ́kún. Èmi ò lè sunkún, mo kàn di irin yẹn mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, mo gbé e wọ yàrá.

A ò lè tú u láti wo inú rẹ̀, ìdì Nùrẹ́nì náà ṣì ni. Ìyá Àkíbù wá rántí pé òun ti gbọ́ pé fóònù tó bá bọ́ sómi, inú ìrẹsì ni wọ́n ń rì í sí kí ìrẹsì lè fa omi náà. Kò sí ìrẹsì nílé, gààrí ló wà. A rì í sínú gààrí. Láàárọ̀ a ṣí i wò, gààrí náà kò wú, ó gbẹ ṣaka bí a ṣe bù ú. Mo ní Alhamdulillah, nítorí gààrí tiwa níbí, ẹ̀kán omi kan ti tó láti mú un wú, ká ní omi wà nínú irin yẹn ni, à bá ti bá ẹ̀bà. Ìdì tí ọkọ rẹ dì í yẹn ni kò jẹ́ kí omi wọlé, òun àti epo pupa wa. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún ọ pé ọwọ́ Nùrẹ́nì le jù, sọ fún un pé ìyá rẹ ní kí ó panu mọ́.

Mo gbé e fún Ṣéhù, mo ní kí ó má gbé e sí búùtù, kí ó gbé e lé itan. Ó ní òun ni òun máa wa ọkọ̀. Mo ní kí ó fi àga kan sílẹ̀ fún un nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni má jókòó tì í. Láti ìgbà tó ti lọ títí tí o fi pè, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi. Abẹ́ igi ọsàn yẹn, mi ò lọ jókòó síbẹ̀ mọ́, mi ò mọ ohun tí mo máa bá wọn sọ.

Ìgbà tó di Jímọ̀, bí mo ṣe kírun tán ni fóònù dún. O ní kí n má sọ̀rọ̀, kí n ṣáà fetí sílẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ewúrẹ́, mo rò pé tiwa ni, mo ti ju bàtà lù ú. Ó wá di ikọ́. Roqeebah, ikọ́ yẹn! Mo mọ̀ ọ́n láàárín ẹgbẹ̀rún ikọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá yín bẹ̀rẹ̀ àdúrà, bí wọ́n ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń fà á, kò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ rárá, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé àwọn gan-an ni, kọ̀ǹpútà tó ń sáré kò lè mú wọn sáré. Mo wá gbọ́ obìnrin kan tó ń pariwo lẹ́yìn wọn pé ẹ má sún mọ́ ọn jù, ẹ ó fọ́ ọ, ẹ dé fìlà yín dáadáa. O ní Ìbínábò ń rẹ́rìn-ín, ó ń béèrè pé ta ni ìyá oníwàhálà yẹn. Sọ fún un pé èmi ni, mo sì kí i. Mo ti sunkún láìmọye ìgbà láti ọdún méjì tí wọ́n ti lọ, ṣùgbọ́n ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ yẹn dùn mọ́ mi nínú. O ṣeun tí o pa á kí wọ́n tó dé ibi orúkọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ dé.

Mo bi ọ́ pé nínú irin àtijọ́ àti tuntun, nínú èwo ni wọ́n wà báyìí, o ní nínú méjèèjì, pé Ìbínábò ti tún ohùn náà kó, ó sì dé lọ́tẹ̀ yìí. Mo ronú sí i, ó sì yé mi. Wọ́n ní ilé lóko, wọ́n ní ilé nígboro, nígbà ayé wọn náà, kò sí ẹni tó mọ èyí tí wọ́n wà. Má dá irin àtijọ́ padà wá fún mi o. Gbé e sí orí pẹpẹ tó ga níbi tí omi Eneka kò ní dé.

Iṣu tó wà nínú àpò jẹ́ ti Ìbínábò, pé agbẹ̀bí kọ̀ǹpútà kú iṣẹ́. Gààrí tó wà níbẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ náà, kì í ṣe èyí tí irin sùn nínú rẹ̀, èyí yẹn, èmi àti Ìyá Àkíbù ti fi omi tútù mu ún.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi owó mọ́tò ránṣẹ́ kí n lè wá wẹ ọmọ, kí ẹ sì fi díẹ̀ lé e kí n fi ra ọṣẹ dúdú àti àdí. Ẹ fi rán Ṣéhù, ẹ má fi gba báńkì. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ níjọ́sí, mo lọ gbà á lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣe POS ní ìkóríta, ó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti lọ. Mo bi í pé ibo ló lọ, kò mọ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀, kò mọ̀. Mo jókòó dè é títí tí oòrùn fi wọ̀, ẹni náà kò dé.

Ẹ tún bá mi ra kúlà kékeré kan tó ní ìdérí tó le. Bí o bá bímọ tán ní ilé ìwòsàn yín níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé olóbi náà sọnù. Kí Nùrẹ́nì gbà á lọ́wọ́ wọn, kí ó fi láílọ́ọ̀nù wé e, kí ó dì í bó ṣe dì ti kọ̀ǹpútà yẹn gẹ́lẹ́. Èmi ni mo máa gbé e lé itan láti Port Harcourt wálé, Ṣéhù ti gbà. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí n rìnrìn àjò náà bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, yóò jẹ́ kí ojú rẹ rí ojú ọmọ rẹ, kí ọmọ náà sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu bàbá ìyá rẹ̀, lẹ́nu ẹni tó dúró dè é títí.

Ihò abẹ́ igi ọsàn yẹn, mi ò tíì dí i. Ìyá Àkíbù ní kí n dí i kí ọmọ ewúrẹ́ má bàa jìn sí i, mo ní rárá, mo fi ọpọ́n dé e. Ẹ̀gbẹ́ tìrẹ gan-an ni. Bàbá yín ti sùn níbẹ̀ díẹ̀, wọ́n ti bá ọmọ mú ibẹ̀ móoru.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Roqeebah.